Amúṣẹ́ṣe Tí Kì Í Jẹ̀bi

Ọkùnrin kan wà tí ó dá èdè kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀. Èdè lásán kò lè dá ṣiṣẹ́, nítorí náà ó ṣe amúṣẹ́ṣe tì í, èyí tí ń ka ohun tí ènìyàn bá fi èdè náà kọ, tí ó sì ń mú kọ̀ǹpútà ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ṣe é, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín.

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó rò ó wò pé kí ni amúṣẹ́ṣe yóò wí bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí ẹni tí ń lò ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kí ó wí fún un. Bí ó bá wá jẹ́ inú amúṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ni ó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ojú tì í láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ òun lè ní àléébù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi dí ihò méjèèjì: “Àṣìṣe wà nínú ohun tí o kọ. Lọ tún un wò.”

Obìnrin kan, Fadérera, fi èdè yìí kọ ètò fún ilé ìwòsàn àwọn aláboyún. Ètò náà ni ó ń rán àwọn nọ́ọ̀sì létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ aláboyún kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí oṣù kejì ọdún kan, ó dákẹ́ lójijì. Aláboyún mọ́kànlá ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ wọn kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ọlọ́run ṣàánú, ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣàìsàn.

Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ó wo ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, pé àṣìṣe wà nínú ohun tí Fadérera kọ, kò wò kọjá ibẹ̀.

Fadérera kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ inú ẹ̀rọ wò. Mo ti ka iṣẹ́ mi títí, n kò rí ibi tí mo ti ṣì í.”

“Pé o kò rí i kò ní kí ó má sí níbẹ̀,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹ̀rọ kì í purọ́.”

Ni wọ́n bá ní kí obìnrin náà máa lọ sílé.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ń kọ́ àwọn àgbàlagbà kan ní èdè rẹ̀. Ó kọ ìlà mẹ́ta péré, pé kí kọ̀ǹpútà ka ọjọ́ láti oṣù kejì bọ́ sí oṣù kẹta, ní ọdún tí oṣù kejì ń ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Amúṣẹ́ṣe dá a lóhùn lójú gbogbo wọn: “Àṣìṣe wà nínú ohun tí o kọ. Lọ tún un wò.”

Ó tún un wò. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀kejì.

“Olùkọ́, bóyá ẹ ṣì í kọ ni,” ni ìyá àgbà kan wí jẹ́jẹ́.

Ó mọ̀ pé òun kò ṣì í. Ó ṣí inú amúṣẹ́ṣe, ó sì bá àṣìṣe náà níbẹ̀, nínú ohun tí ó kọ lọ́dún àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni ó rántí pé ìparí oṣù kejì irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ètò Fadérera dákẹ́.

Ó wá Fadérera lọ sí ilé ìyá rẹ̀, níbi tí obìnrin náà ń gbé. Bí ó ti rí i, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, òun tí ó fi ogún ọdún jù ú lọ.

“Èmi ni mo ṣì í, kì í ṣe ìwọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde,” ni Fadérera wí. “Mo ti gbà pé èmi ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn nínú àdúrà.”

Ọkùnrin náà kò lè gbójú sókè.

Ó lọ jẹ́wọ́ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n pe Fadérera padà, kò lọ. Ọkùnrin náà tún àléébù náà ṣe, ó sì yí ọ̀rọ̀ tí amúṣẹ́ṣe ń sọ bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ padà: “Inú mi ni àṣìṣe yìí wà, kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ nìyí.” Àwọn ènìyàn yìn ín fún un, ìyìn náà sì ń ta á bí ẹ̀gún.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, bóyá òbí ni ọ́, bóyá ọ̀gá ni ọ́ tàbí olórí ìjọ, àwọn kan wà tí wọ́n gba ẹnu rẹ gbọ́ ju ojú ara wọn lọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́, yẹ inú ara rẹ wò kí o tó nawọ́ sí wọn. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, wí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtìjú rẹ kò ní pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n èyí tí o bá gbé ru ẹlòmíràn, ó lè máa rù ú lọ, kódà lẹ́yìn tí o bá ti ní kí ó sọ ọ́ kalẹ̀.