Àkèré, Ògbufọ̀ Etí Odò

"Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rọra fò, ó bà lé Àkèré lórí. Láàárọ̀, Àkèré ń ro oko ilá. Lọ́sàn-án, ó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín ará omi àti ará ilẹ̀. Wọ́n á pè é, ẹ bá mi gbè é: "Àkèré, bá wa sọ ọ́!"

Lọ́jọ́ kan, ó túmọ̀ ìkíni, ó túmọ̀ èébú, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ẹja Àrọ̀ ní, "Sọ fún Àgbọ̀nrín pé ọmọ rẹ̀ ti kú sómi."

Àkèré sọ ọ́.

Àgbọ̀nrín dì mọ́ ọn. "Sọ nǹkan mìíràn fún mi!"

"Ìyá, wọn ò sọ òmíràn."

Wọ́n tún pè é: "Àkèré, bá wa sọ ọ́!" Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó ti ìyá náà títí ẹkún rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti sinmi.