Ìlú Ẹ̀gà Tó Ní Ẹnu Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bọ̀. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìbídùn, ká ẹsẹ̀ rẹ kò kí àbúrò rẹ lè ráyè jókòó. Olúgbọ́dí, gbé àgbàdo yẹn sílẹ̀ ná, kò ní sá lọ. Ẹ wo ojú yín bó ṣe ń dán! Inú mi dùn jọjọ.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ọ̀pẹ gíga kan. Ó bá Adégorí, ọba àwọn ẹyẹ ẹ̀gà. Ó bá Àwẹ̀ró, ìyá tó yé ẹyin mẹ́ta. Ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ìyàwó rẹ̀, àlejò tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ.

Ẹ̀gà pọ̀ lórí ọ̀pẹ yìí. Ìtẹ́ wọn so rọ̀ lára imọ̀ ọ̀pẹ bí àdó. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ náà dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ewé bá já, ẹ ó gbọ́ ọ.

Kí ló fà á? Òfin Adégorí ni. Ọjọ́ tó gorí oyè ló ti sọ ọ́.

"Orí kan ni ìlú ń ní," ni ó wí. "Ẹnu kan náà ni kó ní. Ẹnu ọ̀hún, tèmi ni."

Bí ẹ̀gà kan bá ní ọ̀rọ̀, yóò lọ síwájú ọba. Yóò tẹ́ ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Bí ó bá wu ọba, ọba á fi àgógó ẹnu tirẹ̀ kan ti onítọ̀hún, ìyẹn ni pé ó ti ṣí i lẹ́nu. Bí kò bá wu ọba, onítọ̀hún á gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sílé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, orí ni wọ́n ń mì.

Láràárọ̀, ọba á bọ́ síta. Á ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìnira kankan wà?"

Wọ́n á mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà.

Ọba á ní, "Áà! Ẹ wo bí orí wọn ṣe ń mì! Ìlú mi tòrò."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tó ṣe, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ dé. Wọ́n ní wọ́n ti gé igi àwọn lulẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, "ẹyẹ tó fi wúrà ṣe ẹ̀wù!"

"Ohùn yín nìkan ni mò ń gbọ́ ní gbogbo ìlú yìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó sì dùn bí oyin."

Inú ọba dùn, ìyẹ́ rẹ̀ wú. "Ẹ wọlé. Ẹ jókòó. Ẹ máa gbé títí tí yóò fi sú yín."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í bi àlejò pé ọjọ́ wo ló ń lọ. Onílé nìkan ló lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Onílé ibẹ̀ sì rèé, oríkì ló ń gbọ́ láàárọ̀, oríkì ló ń gbọ́ lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò ṣe jókòó pa.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Àwẹ̀ró lọ wá oúnjẹ, ó dé, ẹyin rẹ̀ kan ti lọ. Aládùúgbò rẹ̀ rí ìrù Ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́nu ìtẹ́ náà kedere. Ṣùgbọ́n ẹnu dà? Ó kàn ń mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró lọ síwájú ọba. Ó tẹ́ ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó bá ọba níbi tó ti ń bá àlejò jẹun.

"Kábíyèsí," ni ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, "ta lèyí tó ń gbọn eruku sọ́bẹ̀ wa?"

"Má dá a lóhùn, Àwẹ̀ró ni," ni ọba wí. "Àwẹ̀ró, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ó dúró títí oòrùn fi wọ̀. Ọba gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Kí ó tó délé, ẹyin kejì ti lọ. Ó ku ẹyọ kan.

Àwẹ̀ró tún lọ. Ó tẹ́ ìyẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọba kan án lẹ́nu.

"Kábíyèsí o, ẹ gbà mí! Ẹyin mi ń lọ. Àwọn àlejò yín ló ń kó o."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò dìde. "Èmi? Èmi tí mò ń jẹ èso igi jẹ́jẹ́ mi? Ìyá, afẹ́fẹ́ ló gbé ẹyin yín."

"Afẹ́fẹ́ ni," ni ọba wí.

"Afẹ́fẹ́ ọ̀hún náà ló lẹ èèpo ẹyin mọ́ irun imú ìyàwó rẹ?" ni Àwẹ̀ró bi Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré nu imú. "Ó ń yún mi ni," ni ó wí.

Àwẹ̀ró kọjú sí ọba. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa lẹ́nu. Bí mo bá jáde nílé tí olè dé, aládùúgbò mi á lè kígbe."

Ọba rẹ́rìn-ín. "Agbára dà bí omi inú agbè, Àwẹ̀ró. Bí mo bá ń bù ú fún tajá tẹran, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún mi?"

"Kì í ṣe omi, Kábíyèsí. Iná ni. Bí aládùúgbò bá wá fọnná nílé mi láàárọ̀, tó mú ògúnná kan lọ, ṣé ààrò mi kú? Kò kú o. Ilé méjì ló ń se ọbẹ̀."

"Ó tó," ni ọba wí. Ó yíjú padà.

Àwẹ̀ró tún lọ ní ìgbà kẹta. Ó tẹ́ ìyẹ́, ó tẹ́ ẹ títí apá fi ń ro ó. Ọba ní, "Ẹni tó bá tún bá àlejò mi wíjọ́, màá fa ìyẹ́ rẹ̀ tu." Kò kan án lẹ́nu.

Àwẹ̀ró padà sílé. Ó jókòó lé ẹyin rẹ̀ kan ṣoṣo. Kò jẹ, kò mu, kò dìde.

Àwọn àlejò ń jẹ lọ. Ìtẹ́ yìí ṣófo, ìtẹ́ tọ̀hún ṣófo. Nígbà tó yá, ibo ló kù? Ẹ dáhùn! Ìtẹ́ Àwẹ̀ró, àti ìtẹ́ ọba fúnra rẹ̀, níbi tí olorì yé ẹyin sí. Ọ̀jẹun kì í mọ ojú olóore.

Àkùkọ ti kọ, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Adégorí lajú, ó rí orí Ọ̀kẹ́rẹ́ nínú ìtẹ́ olorì.

"Olè! Olè! Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi!"

Gbogbo ẹ̀gà yọ orí síta. Wọ́n wò ó. Wọ́n mi orí.

"Ẹ ké! Ẹ bá mi ké!"

Wọ́n mi orí. Ta ló kan wọ́n lẹ́nu?

Ọba ké, ó ké, ó ké. Ohùn ọba há. Ó ku hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹyin olorì tán, ó nu ẹnu. "Ìlú ẹlẹ́nu kan! Ẹnu ọ̀hún sì ti há. Ìyàwó mi, ó yá, jẹ́ ká lọ gba ẹyọ kan tó kù lábẹ́ ìyá aláròyé yẹn."

Ni wọ́n bá kọrí sí ilé Àwẹ̀ró.

Adégorí fò ṣáájú wọn. Ó bà síwájú Àwẹ̀ró. Ẹ wá wo ohun tí ojú ọ̀pẹ kò rí rí: ọba tẹ́ ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó na ọrùn. Ó kan Àwẹ̀ró lẹ́nu.

Àwẹ̀ró kò fi falẹ̀. Ó yíjú, ó kan aládùúgbò rẹ̀ lẹ́nu. Aládùúgbò kan ẹnìkejì. Ẹnìkejì kan ẹnìkẹta. Ó ń ràn láti ìtẹ́ dé ìtẹ́. Àwẹ̀ró wá gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀kẹ́rẹ́ kó mi lẹ́yin lọ,
Ẹ jẹ́ n wí o!
Wọ́n ní kí n máa mi orí,
Ẹ jẹ́ n wí o!
Ẹnu kan ò lè ṣọ́ ọ̀pẹ,
Ẹ jẹ́ n wí o!
Bí mo wí, kí ìwọ náà wí,
Ẹ jẹ́ n wí o!

Háà! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pẹ mì. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ọwọ́ wo ni wọ́n wá fẹ́ fi di ọ̀pẹ mú? Wọ́n yọ̀ wàì, wọ́n já lulẹ̀ gbì!

Àwẹ̀ró wo abẹ́ rẹ̀. Ẹyin rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń móoru.

Ọba sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ kò ju wúyẹ́wúyẹ́ lọ. "Àwẹ̀ró, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé bí ẹ bá lẹ́nu, agbára á bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ṣé ó bọ́, Kábíyèsí?"

Ọba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ìtẹ́ ló ń ké. "Rárá," ni ó wí. "N kò lágbára tó báyìí rí."

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, tí gbogbo ẹ̀gà orí ọ̀pẹ fi ń sọ̀rọ̀ pọ̀ títí di òní, tí ẹ kò sì lè mọ èwo lọba wọn. Wọ́n lọ́ba o. Ó wà láàárín wọn, ó ń wí tirẹ̀, ó ń gbọ́ tiwọn. Àárọ̀ kùtù ni ariwo wọn máa ń pọ̀ jù, nítorí àárọ̀ kùtù ni wọ́n sin àlejò wọn sọ́nà.

Nísàlẹ̀ ọ̀pẹ, Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde, ó gbọn ara nù. Ó gbé ìrù rẹ̀ lé ẹ̀yìn bí ẹni gbẹ́rù. Ìyàwó rẹ̀ gbé tirẹ̀.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní ní ká jẹun àárọ̀ ká tó lọ?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ó dàbọ̀ o!" ni gbogbo ọ̀pẹ dáhùn.

Ojúmọ́ mọ́. Àwọn àlejò mú ọ̀nà igbó pọ̀n, wọ́n lọ.