Láníhun àti Ajá Ayálégbé Rẹ̀

Ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Gbogbo wa là ń pa á lówe. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ gbé ojúlé méjì lé ajá lọ́wọ́? Ẹnìkan dán an wò ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Láníhun lorúkọ rẹ̀, orí ọkùnrin náà sì le bí ọlọ.

Ojúlé méjì tó dojú kọra ni ilé Láníhun ní. Òun àti Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní ọ̀kan. Ìyá Ẹlẹ́ní, opó kan tó ń hun ẹní, ló háyà èkejì. Àárín ojúlé méjèèjì ni opó yìí máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Àjèjì ò lè kọjá kó má bi í pé, "Ta lò ń wá?"

Ọdún tí olè ń da ìlú láàmú ni ọdẹ kan, Ògúndélé, dé pẹ̀lú ajá gìrìwò kan. Ẹ-máa-wí ló sọ ajá náà, nítorí ẹnu ayé. Gbogbo onílé ló lé e: "Mú ajá apani yẹn kúrò níbí o!" Láníhun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ìyá Ẹlẹ́ní kó ẹrù rẹ̀, kí ọdẹ náà lè gba ojúlé rẹ̀.

"Bàbá Àwẹ̀ró, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ṣé ìwọ lè bu olè jẹ?"

Ògúndélé ò kúkú purọ́ fún un. "Bàbá, mi ò ní tàn yín. Ẹnu ọ̀nà tèmi nìkan ni ajá yìí mọ̀."

"Ilé ta ló ń gbé? Ohun tó bá ń gbé inú ilé mi, tèmi ni!"

Láti ọjọ́ náà ni Láníhun kì í ti ilẹ̀kùn mọ́. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ títí: "Bàbá, òfì Màámi wà nínú yàrá o." Ìyá rẹ̀ olóògbé ló hun òfì náà sílẹ̀ de ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó fi sílẹ̀ fún un.

"Ẹ-máa-wí wà níbẹ̀," ni bàbá ń dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Láníhun àti ọmọ rẹ̀ wà lóko, Ògúndélé lọ ta ẹran ìgbẹ́ lọ́jà. Olè wọlé Láníhun, wọ́n kó o tónítóní. Arúgbó kan tí kò lè dìde mọ́ lódìkejì ọ̀nà rí wọn, ó ké títí, kò sẹ́ni nílé. Ó ní ajá náà sùn sẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé òfì jáde, kò tilẹ̀ gbó.

Láníhun gbọ́, ó gbé ọmọ odó, ó kọjú sí ajá. "Kí wá lò ń ṣọ́?" Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ẹnu ọ̀nà Ògúndélé, ajá ti fa itan rẹ̀ ya. Ó kúkú ń ṣọ́ nǹkan!

Àwẹ̀ró wo ojúlé kejì. Abẹ́rẹ́ ò sọnù níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

Aṣọ àyálò ló wọ̀ lọ sílé ọkọ. Ìyá Ẹlẹ́ní ló yá a. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ti ń ṣe. Láníhun na ẹsẹ̀ tó ń kẹ̀ síwájú, ó súre títí ẹnu fi ń ro ó. Ọmọ ò dáhùn "Àṣẹ" lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá, ẹni tó ń ṣọ́ ojúlé méjèèjì, ẹ ti lé e. Ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì."

Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.