Omi Tí Ó Ń Wọ Inú Iná

Ọkàn Ìbídùnní kò balẹ̀. Ní àràárọ̀ tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, omi inú rédíétọ̀ ti dín, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú, páálí gbẹ. Bí ó bá ṣíná sí i, ọkọ̀ a kọ́kọ́ máa gbọ̀n, a máa wúkọ́ bí arúgbó, lẹ́yìn náà èéfín funfun a tú jáde ní sàlẹ́ńsà, a bo ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò. Èéfín ọkọ̀ tí a mọ̀ a máa rùn bí epo. Eléyìí dà bí ooru omi híhó, kì í sì í lọ bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ gbóná.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣáá. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, fẹ́ràn irú ẹ́ńjìnnì kan tí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Kò ní písítínnì tí ń lọ sókè sódò. Irin onígun mẹ́ta ni ó ń yí po nínú rẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń ro ọkà nínú ìkòkò. Ìró rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ọkọ̀. Baba náà ra méjì, nítorí ó mọ̀ pé irú rẹ̀ yóò wọ́n lọ́la. Nígbà tí ó kú, Ajíbádé tí í ṣe àkọ́bí jogún pupa, Ìbídùnní àbúrò rẹ̀ jogún funfun. Iléṣà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ìyá wọn wà lókè ní Ẹ̀fọ̀n, ojú rẹ̀ sì ti fọ́.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wá kí i, ìyá yìí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a dẹ etí sí ọ̀nà. Bí ìró ẹ́ńjìnnì yẹn bá ti ń gun òkè bọ̀, a ní, "Bàbá yín ń bọ̀." Orí rẹ̀ pé o. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ti kú, ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín. Ó kàn fẹ́ràn láti sọ ọ́ ni. Àwọn ọmọ sì mọ̀ pé ohun tí ó kù fún un nínú ayé tí ó fi ń rẹ́rìn-ín kò ju ìró yẹn lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín funfun, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fi ẹnu kò, wọ́n wa ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ Awóníyì, mẹkáníìkì kan ní ẹ̀yìn odi Iléṣà. Ilé awo ni wọ́n bí Awóníyì sí. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ kọ́ ara ògiri, ó mú sípánà. Ṣùgbọ́n ohùn awo kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbéra ga díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu.

Kò fọwọ́ kan ohunkóhun títí ẹ́ńjìnnì méjèèjì fi tutù. Ó wo rọ́bà omi, ó wo rédíétọ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi: gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó ṣí ojú rédíétọ̀ ọkọ̀ funfun, ó ní kí wọ́n ṣíná. Lójú ẹsẹ̀, omi tútù náà ń ru gùdù bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá ń hó.

"Omi tí kò tíì gbóná kì í hó," ó wí. "Èémí iná ni ó ń wọ inú omi yẹn."

Ó pa á. Ó fi páńpù kan ti afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀, ó lọ jẹun. Ìgbà tí yóò fi padà dé, abẹ́rẹ́ páńpù tí ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn ti wálẹ̀, ẹ̀kán omi kan kò sì kán sílẹ̀. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, ó ní kí Ìbídùnní yí kọ́kọ́rọ́. Omi fọ́n jáde láti inú ihò tí iná ti yẹ kí ó máa jó. Bákan náà ni ó ṣe fún ọkọ̀ pupa, bákan náà ni ó rí. Nígbà náà ni Awóníyì nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí táyà, ó sì ké e síta:

*Ilẹ̀ gbẹ, omi ń dín;*
*Èéfín funfun kì í ṣe ìkuukùu ọyẹ́;*
*Omi tí a wá títí tí a kò rí níta,*
*Inú ilé ni kí á wá a lọ;*
*A díá fún ọmọ méjì*
*Tí wọ́n jogún iná lọ́wọ́ bàbá wọn.*
*Wọ́n ní kí wọ́n rúbọ,*
*Kí omi àti iná má baà pàdé.*

"Ẹbọ wo ni, Bàbá?" Ìbídùnní béèrè.

"Òrùka rọ́bà kan wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí, òun ni ó pààlà sáàárín omi àti iná. Ó ti jẹrà. Omi kànga ni bàbá yín ń bù sí i, omi kànga a sì máa jẹ irin tí ó di òrùka náà mú. Ẹbọ yín ni pé kí ẹ má ṣe ṣíná sí wọn mọ́. N ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, n ó tú u, n ó fọ̀ ọ́, a ó ránṣẹ́ sí òkè òkun fún òrùka tuntun. Ọyẹ́ yóò kọjá kí ó tó parí."

"Ọyẹ́ yóò kọjá?" Ajíbádé wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"N kò tíì sọ èèwọ̀ rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ bu omi kànga sí i mọ́ láéláé, omi ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni kí ẹ máa rà. Ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ tẹmósítáàtì rẹ̀. Mo mọ ẹ̀yin ènìyàn wa."

Ó mọ̀ wá lóòótọ́. Tẹmósítáàtì ni ilẹ̀kùn kékeré tí ó ń darí omi nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn mẹkáníìkì wa púpọ̀ a sì máa yọ ọ́ sọ nù. Wọ́n ní ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún, pé ilẹ̀ tiwa gbóná tó. Nínú ọkọ̀ mìíràn, a lè jẹ ẹ́ gbé. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tí ń yí po yìí, bí ilẹ̀kùn náà kò bá sí níbẹ̀, omi gbígbóná a gba ọ̀nà àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì, kò ní í dé ibi tí yóò ti tutù.

Ajíbádé dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ yín kò jọ irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì rí bí ìyá wa ṣe ń dẹ etí. Bí ìró náà bá dákẹ́ títí ọyẹ́ yóò fi lọ, ta ni ó mọ̀ bóyá òun náà..."

"Awo kì í fipá mú ènìyàn rúbọ," ni Awóníyì dá a lóhùn.

Ìbídùnní fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí táyà. Ajíbádé wa tirẹ̀ lọ.

Ní gáréèjì, ó rí mẹkáníìkì mìíràn; bí ẹni yìí ṣe gbọ́ pé èéfín funfun ni, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tí ń dí abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ni ó jóná. Ẹ́ńjìnnì yẹn kò ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rárá! Nígbà tí ó wá a títí tí kò rí i, ó da kọ́rì tí a fi ń se ọbẹ̀ sínú rédíétọ̀ kí ó lè dí ojú ibi tí ń jò, ó bu omi kànga lé e, ó sì yọ tẹmósítáàtì, ó jù ú sínú igbó. Èéfín rọlẹ̀ díẹ̀. Ajíbádé rẹ́rìn-ín. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ìbídùnní, bàbá awo tìẹ fẹ́ sọ ọkọ̀ di òkú ni. Tèmi ti ń gun òkè."

Ìbídùnní ń bá tirẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì ni ó ń wọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n, a sọ̀ ní ìkóríta, a fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ìyá rẹ̀ a bi í.

"Èmi ni, Ìyá."

"Háà. N kò gbọ́ ìgbà tí o dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn a máa gún un lọ́kàn. Bí ó bá padà sí Iléṣà, a sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹran àti obì nìkan ni ẹbọ, ẹbọ ti Ìbídùnní nìyẹn, òun ni ó sì korò jù.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní Àbámẹ́ta kan, Ajíbádé ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ. Abẹ́rẹ́ ìgbóná bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sí ibi pupa. Ó rí i. Èéfín ti bo ẹ̀yìn rẹ̀ débi pé kò rí ọ̀nà tí ó gbà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń ṣú lọ, ìyá rẹ̀ ti jókòó, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Ó tẹ iná sí i. Ní ìyípo òkè, ìró náà há, ó fà, ó dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kò yí ohunkóhun mọ́. Ajíbádé bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí àpáta, ó gbé orí lé ọwọ́.

Kò pẹ́ tí ó fi gbọ́ ìró bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó gbé orí sókè. Ọkọ̀ funfun ni ó ń gun òkè bọ̀; ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Awóníyì fi kọ́kọ́rọ́ lé Ìbídùnní lọ́wọ́. Kò sí èéfín lẹ́yìn rẹ̀. Ìbídùnní rí ọkọ̀ pupa, ó dúró, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé. Ìyá ń retí."

Ọlọ́run ni yóò bá wa kí irú àbúrò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, ìyá wọn ti dìde, ó di òpó mú. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Bàbá yín dé," ó wí. Lẹ́yìn náà ó yí etí sí ọ̀nà, ó ń wá ìró kejì. "Ti Ìbídùnní nìyẹn. Èyí tí ó dákẹ́ ti sọ̀rọ̀. Èyí tí ó ń sọ̀rọ̀ dà?"

Ajíbádé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, mo ti pa á. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó sinmi, n kò gbọ́. Nítorí yín ni. N kò fẹ́ kí ẹ jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́."

Ìyá náà wá orí rẹ̀ kàn, ó fi ọwọ́ lé e.

"Ajíbádé ọmọ mi, ta ni ó bi mí léèrè? Ìdákẹ́jẹ́ ọkọ̀, n bá fara dà á. Ṣebí mo ń fara da ti bàbá rẹ."

Nígbà tí Awóníyì tú ẹ́ńjìnnì pupa, irin rẹ̀ ti wọ́, iná ti jẹ ẹ́ kọjá àtúnṣe. Ohun díẹ̀ tí ó kù nínú rẹ̀ tí ó dára, Ajíbádé fúnra rẹ̀ ni ó fi epo pa á, tí ó fi aṣọ wé e, tí ó gbé e fún àbúrò rẹ̀ nítorí ọjọ́ mìíràn. Awóníyì kò bú u. Ó ní ẹbọ tí ó pẹ́ náà, ẹbọ ni.

Ìbídùnní gbọ́ rírú, ó rú. Ó gbọ́ èèwọ̀, ó pa á mọ́. Ọ̀nà rẹ̀ là, omi rẹ̀ dúró sí àyè omi, iná rẹ̀ dúró sí àyè iná. Ajíbádé gbọ́ tirẹ̀, ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí ó rú u, àbámọ̀ kò sì bi í léèrè ohun tí ó fà á. Títí di òní, ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, àwọn méjèèjì ni ó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n nínú ọkọ̀ funfun. Bí wọ́n bá dé ìyípo yẹn, Ajíbádé ni ó máa ń kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ ìgbóná.