Ìdí Tí Adìẹ Àyọ̀ká Fi Bà Lókùn

Àwọn tó wà lágbàlá lọ́jọ́ náà kò ju mẹ́rin lọ: Ògúndìran tó nilé, Efúnyẹmí ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ nǹkan, Òjùolápé, ìyàwó àgbà, aláró tí aṣọ rẹ̀ kì í ṣí, àti Àyọ̀ká, ìyàwó kékeré, ẹni tó ni adìẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹnì karùn-ún kún un, irọ́ ló ń pa.

Adìẹ méje ni Àyọ̀ká ní. Àgbébọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ ló bí mẹ́fà yòókù. Ìyá Àyọ̀ká ti kú. Nítorí náà, bí adìẹ kan bá sín lásán, àyà Àyọ̀ká a já.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, àwọn adìẹ ń rù. Ogbe wọn funfun bí ẹ̀kọ, wọn kò sì yé ẹyin mọ́. Àyọ̀ká rò pé lúkúlúkú ni, àrùn tí í pa adìẹ ilé tán. Ó gé tàgíìrì sínú omi wọn. Wọn kò kú, wọn kò sì yá. Ó rò pé aràn ni. Ó fún wọn ní hóró ìbẹ́pẹ. Ó rò pé òtútù ni. Ó kó koríko gbígbẹ àti àkísà sínú àgò wọn. Ó wá burú sí i. Méjì kú.

Àwọn márùn-ún tó kù bá kọ̀, wọn ò wọ àgò mọ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn a fò gun okùn tí Òjùolápé ń sá aṣọ aró sí. Àyọ̀ká a ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a tì wọ́n sínú àgò, a sì fi òkúta dí ẹnu rẹ̀. Ní òwúrọ̀, wọn a tún rù sí i. Orí rẹ̀ dàrú.

“Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe omi aró yín ni wọ́n ń mu?”

“Ìyàwó, bí omi aró bá ń pààyàn, èmi tí mo ti ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti ogún ọdún, òkú lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ ni kí n bi: ta ló ń kọ́ adìẹ rẹ láti máa su sórí aṣọ mi?”

“Etí mi kún o!” ni Ògúndìran wí. “Bí ọ̀kan bá tún gun okùn yẹn, gbogbo wọn ló ń lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, àgbébọ̀ tí ìyá Àyọ̀ká fún un fò sókè, ó bà lókùn. Okùn fì síwájú, adìẹ fì sẹ́yìn. Adìẹ na ìyẹ́, okùn mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, aṣọ tuntun já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Òjùolápé fa igi yọ. Ògúndìran mú ọ̀bẹ. Àyọ̀ká nawọ́ láti dá a padà sínú àgò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyàwó, dúró ná,” ni Efúnyẹmí wí. “Adìẹ yìí kò rójú lórí okùn, okùn pàápàá kò rójú lábẹ́ rẹ̀. Kí ló wá lé e kúrò nílé? Ta nínú yín ló ti yẹ ilé náà wò?”

Ìyá arúgbó mú igi ìgbálẹ̀ kan, ó fi ń tọ ìhun àgò. Àwọn nǹkan pupa tíntìntín bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba ọwọ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò rin wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ni.

“Iná adìẹ! Lọ́sàn-án wọ́n ń fara pamọ́, lóru wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀. Ìwọ lo sì ń fi òkúta dí ẹnu àgò.”

Àyọ̀ká jókòó sílẹ̀ gbì. “Mo rò pé mò ń tọ́jú wọn ni, Ìyá.”

Òjùolápé sọ igi nù. Ó lọ sídìí ààrò aró rẹ̀, ó bu eérú kún apẹ̀rẹ̀. “Gbà, fi ra àwọn adìẹ lára dáadáa, kí iná náà kú. Kí okùn mi lè sinmi.”

Wọ́n dáná sun àgò náà. Ọ̀bẹ tí Ògúndìran mú wá, imọ̀ ọ̀pẹ ló fi gé, láti hun tuntun. Nígbà tí oṣù máa fi lé, ogbe àgbébọ̀ ti pọ́n, kò sì sí adìẹ lórí okùn mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ilé wa fi ń pa á lówe pé: “Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.” Ìwọ Àrẹ̀mú, ọmọ ọmọ mi, bí o bá rí ẹni tó sá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, má kọ́kọ́ lé e padà, tọwọ́ bọ inú ilé náà wò.