Ọmọ Ayò Mẹ́fà àti Igbá Tí Tísà Àjàgbé Dé

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, àmọ́ ta ló mọ orísun rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá ìyá mi. Bẹ́ ẹ bá ní òwe náà dàgbà ju ilé ìwé lọ, èmi ò bá yín jà.

Tísà Àjàgbé ló ń kọ́ni ní áljẹ́brà, ìṣirò tí a fi ń wá iye tó fara pamọ́. Àwọn tó tètè ń dáhùn nìkan ló ń kọ́, orí bẹ́ǹṣì iwájú ni wọ́n sì ń jókòó. Ẹ̀yìn ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn máa ń wà, nítorí kì í yára sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá kọ́ áljẹ́brà kò ní ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama, girama sì ni gbogbo ohun tí ọmọ yìí ń fẹ́ láyé.

Lọ́jọ́ tí Tísà fẹ́ yan àwọn tí yóò ṣe ìdánwò náà, ó to ọmọ ayò mẹ́fà sórí tábìlì, ó sì fi igbá bo ìyókù.

“Mẹ́fà rèé. Mélòó ló wà lábẹ́ igbá?”

Kó tó sọ̀rọ̀ síwájú, bẹ́ǹṣì iwájú ti ké: “Méje!” Ṣebí báyìí náà ni wọ́n ṣe ń kà á lórin láràárọ̀: ẹ̀fà, èje.

Tísà yíjú sẹ́yìn. “Ìwọ ńkọ́, Ìbídùn?”

Ọmọ náà dìde. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mélòó ni gbogbo wọn kí ẹ tó dé igbá?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tísà kò rẹ́rìn-ín. “Ta ló kọ́ ọ ní ìbéèrè yẹn?”

“Ìyá àgbà mi ni, sà. Bá a bá ń kiri ẹ̀kọ, a kì í ṣí apẹ̀rẹ̀ wò, kó má baà tutù. A ti ka ewé tá a fi pọ́n ọn láàárọ̀. Bá a bá yọ èyí tá a ti tà kúrò, a ti mọ èyí tó kù.”

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo rẹ̀,” ni Tísà dá a lóhùn.

“Mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, sà.”

Tísà ṣí igbá. Mẹ́sàn-án géérégé!

Ọ̀kan nínú àwọn ará iwájú ń kùn: “Ṣebí èje ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà?”

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ,” ni Tísà wí. Kò wo ọmọ ayò bó ti ń sọ ọ́. Ìbídùn ló ń wò. Ojú ti Tísà gidigidi pé ó ti pa á tì sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà ló tú bẹ́ǹṣì ká, ó sì fi ewé ẹ̀kọ kọ́ gbogbo wọn ní áljẹ́brà. Ọmọ mọ́kànlélógún ló ṣe ìdánwò girama lọ́dún yẹn, Ìbídùn ló sì kọ́kọ́ jókòó sí yàrá ìdánwò.

Ìdí nìyẹn, bí ẹnì kan bá fi ìwọ̀nba tó rí dá ọ̀rọ̀ tàbí ènìyàn lẹ́jọ́, tí kò béèrè èyí tó pamọ́, tí àwọn àgbà fi máa ń sọ fún un pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.