Ẹlẹ́rìí Tó Sùn Dé Odò

"Ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn." Kò sí agboolé tí wọn kì í ti pa òwe yìí. Ìyá a máa pa á fún ọmọ, ọ̀gá a máa pa á fún ọmọṣẹ́. Mo tilẹ̀ mọ àwọn kan tí wọ́n ń pa á kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni àwọn gan-an wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ orísun rẹ̀? Ṣé ẹ mọ̀ pé ìgbìmọ̀ àgbà kan, àwọn tí irùngbọ̀n wọn ti funfun, jókòó nígbà kan rí, wọ́n sì fi ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú dá ẹjọ́ ìlú? Ẹ fara balẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́.

Àwẹ̀ró ni aláró tó mọṣẹ́ jù ní ìlú Ìdí-Apá. Iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi omi díẹ̀ ṣe. Omi ni wọ́n ń dà sórí eérú, omi ni wọ́n fi ń ṣan aṣọ, odò kan ṣoṣo tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn sì wà lẹ́yìn òkè kejì. Ọkọ Àwẹ̀ró ń gbé oko egàn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Ìgè. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú wá sáyé, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀hún ṣe nǹkan kan mọ́. Ọmọ tó ń jẹ iyán bí àgbà, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Lójoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró ń gbé ìkòkò rù, tó tún gbé Ìgè pọ̀n. Lọ́sẹ̀ kan, ó yọ̀ ṣubú lórí òkè, ìkòkò fọ́, orúnkún rẹ̀ bó, Ìgè kò sì jí.

Ní Ìdí-Apá, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, àwọn àgbà ló sì ń yan iṣẹ́ náà. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àwẹ̀ró wá síwájú ìgbìmọ̀, ó ní kí wọ́n gbẹ́ kànga sí àárín ìlú. Ọ̀tún Baálẹ̀ ní tirẹ̀ ní àtíbàbà ni kí wọ́n kọ́ sórí ibi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò. Ó ní oòrùn ń mú ọmọ ayò gbóná lọ́wọ́ òun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa òun láyò.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yìn mi ti kọṣẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá tún kọjá láìsí kànga, n ó da aró nù, n ó sì fọ́ ìkòkò tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi. Ọ̀nà odò jìn."

Àwọn àgbà béèrè ẹlẹ́rìí. Gbogbo obìnrin ìlú dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀tún gbọ́wọ́ sókè, ó ní ẹni tó ń fẹ́ kànga kò lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kànga. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n, àwọn yòókù sì mi orí. Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ọ̀nà odò. Ta ló wá ń lọ sódò lójoojúmọ́, tí kò sì béèrè kànga? Wọ́n wò síhìn-ín, wọ́n wò sọ́hùn-ún, ojú wọn sì bọ́ sórí Ìgè, tó ń fa etí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mo bá àwọn àgbà náà tijú.

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ìgè, ọ̀nà odò yẹn, ṣé ó jìn?"

"Kò jìn."

"Bí o bá dé ọ̀hún, ṣé ẹsẹ̀ kì í dùn ọ́?"

Ìgè wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Kì í dùn mí."

"Báwo lẹ ṣe ń rìn ín?"

"Ìyá mi ní ká lọ. Mo sùn. Mo jí, mo rí omi."

Ọ̀tún yíjú sí ìgbìmọ̀. "Ẹ gbọ́ fúnra yín. Ọ̀nà tí ènìyàn kò lè sun oorun kan yó lórí rẹ̀ kó tó tán, ṣé ìyẹn la ó pè ní ọ̀nà jíjìn?" Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà nìyẹn. Wọ́n yan àtíbàbà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra, ṣùgbọ́n kò jà. Ó ní, "Ẹ kú ìdájọ́, bàbá. Nígbà tí ọ̀nà kò ti jìn, mo bẹ Bàbá Ọ̀tún kí wọ́n bá mi mú ẹlẹ́rìí wọn dé odò lọ́la. Orúnkún mi kò tíì san." Kí ni Ọ̀tún fẹ́ wí? Bó bá kọ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà jìn nìyẹn. Ó ní kò sí wàhálà, òun á lọ, òun á bọ̀, òun á sì tún bá ayò àárọ̀ nílẹ̀.

Ní òwúrọ̀, Ọ̀tún gbé agbádá wọ̀, ó fa Ìgè lọ́wọ́. Wọn kò tíì kúrò lẹ́yìn ilé tí Ìgè fi dúró kí ewúrẹ́ kan. Ó mú òkúta kan, ó sọ ọ́ nù, ó tún padà lọ wá a. Lẹ́yìn náà ó jókòó sáàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Ọ̀tún. "Ẹ pọ̀n mí."

Àwẹ̀ró, tó ń tiro bọ̀ lẹ́yìn wọn, tú ọ̀já, ó fi lé bàbá lọ́wọ́. Ikùn Ọ̀tún kò jẹ́ kí etí ọ̀já méjèèjì pàdé, àwọn obìnrin tó gbé ìkòkò tẹ̀lé wọn bá so ọ̀já méjì pọ̀ fún un. Kíá ni Ìgè sùn. Nígbà tí wọ́n fi gun òkè kìíní, Ọ̀tún ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì fẹ́ dúró.

Obìnrin kan ní, "Bàbá, ẹ má dúró o. Bí ẹ bá dúró, yóò jí. Bó bá sì jí, ẹ ó sọ fún wa."

Ni Ọ̀tún Baálẹ̀ Ìdí-Apá bá ń tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú kan, tó ń mi ìdí bí ọlọ́mọge, kí ó lè rí ààyè mí. "Ṣé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé?" Àwẹ̀ró ní, "Ó kù díẹ̀, bàbá." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn. Lórí òkè kejì, Ìgè tọ̀ sí agbádá.

Nígbà tí wọ́n dé odò, Ọ̀tún wọ inú omi tòun ti bàtà, ó sì jókòó síbẹ̀. Omi tutù kan Ìgè lẹ́sẹ̀, ó jí, ó na ara. Bàbá yí ọrùn padà, ó béèrè bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀: "Ìgè, ọ̀nà yìí, ṣé ó jìn?"

"Kò jìn, bàbá."

Ọ̀tún bu omi bọ́jú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."

Àwẹ̀ró bu omi sínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un. "Bàbá, omi yìí náà ni ẹ ti ń mu nílé láti kékeré. Ta ló ń pọ̀n yín?"

Ọ̀tún mu omi náà tán. Bí wọ́n ti délé, ó lọ bá ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi kànga rọ́pò àtíbàbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kànga, òun ló kọ́kọ́ sọ ọkọ́ balẹ̀, inú oòrùn ló sì ti ń ta ayò rẹ̀ títí òjò fi dé. Wọ́n pa á láyò lọ́jọ́ gbogbo.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń jẹ nínú làálàá ẹlòmíràn, tó sì ń sọ pé iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, wọn a ní ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Wọn kì í fi pe onítọ̀hún ní òpùrọ́. Ìgè kò purọ́. Títí ó fi dàgbà, ohun kan náà ló ń sọ nípa ọ̀nà odò. Wọn kò kàn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí ni.